Ọmọ Tí Bísọ́dún Yá Mi

…ká tiẹ̀ ní mo lanu, kí ni mo máa sọ? Kátíkísì á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu, á ní, bàbá ta ni yín — gbogbo èrò á dákẹ́ — èmi á wá ní kí ni? Orúkọ méjì péré ni. Orúkọ méjì ò ju kéèyàn lanu kó pa á dé lọ. Èmi tí mo fi èdè Lárúbáwá bú ṣọ́jà tó gbé ìbọn dání, tí mo fi Haúsá ra ràkúnmí ní Àgádésì — irọ́ ni, mi ò rà á, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ná an ni — èmi yẹn náà ni orúkọ méjì há sí lọ́fun yìí bí eegun ẹja.

Kò dùn mí ṣá. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì nìyẹn. Mo fọwọ́ kan àyà, bí ẹni fọwọ́ kan pákó.

Oòrùn ti ń mú. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà, ní oríta tí wọ́n ní kí n ti dúró dè wọ́n. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa nítorí Gúdù Fúráídè, ó wá fi táyà kan sílẹ̀ níta. Mo jókòó lé e. Mo dìde. Mo tún jókòó. Mò ń gbọ́ orin wọn bọ̀ lápá Òkèlísà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí atẹ́gùn bá ṣe fẹ́. Tí wọ́n bá ti yọ, Bọ́láwálé á fò jáde — ọlọ́kadà ni, òun ló wọ aṣọ ṣọ́jà Róòmù lọ́dún yìí — á gbá mi lọ́rùn aṣọ mú, á ní, "Ìwọ! Wá gbé e!" Èmi á ṣe bí ẹni tó fẹ́ sá. Wọ́n á gbé igi lé mi léjìká. Símónì ará Kírénè, tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀, tí wọ́n fi tipá mú pé kó wá bá Jésù gbé àgbélébùú. Èmi ni. Lọ́dún yìí, èmi ni.

Ó yẹ mí kẹ̀. Ta ló tún yẹ? Nínú gbogbo Oǹdó, títí dé Àkúrẹ́, títí kan gbogbo àwọn tó ń wọ kóòtù ní Alágbàká, ta ló ti jókòó ní Kírénè rí? Líbíà ló wà. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é báyìí, Ṣáhátì. Òkúta funfun. Òpó ńláńlá tó ti wó lulẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹko láàárín ẹ̀. Mo gbé búlọ́ọ̀kù fún ẹnì kan tó ń kọ́lé nítòsí ibẹ̀, tí oúnjẹ ọ̀sán bá ti tó, orí òpó yẹn la ti ń jẹ búrẹ́dì, èmi àti… mo jẹ búrẹ́dì níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Kátíkísì, ẹnu ẹ̀ ò padé mọ́. Oríọlá lorúkọ ẹ̀, ọmọ kékeré ni, ó kàwé débi pé bàtà ara ẹ̀ ló máa ń wò tó bá ń sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ ti dé Kírénè? Kírénè inú Bíbélì?" Mo ní inú Bíbélì kọ́, inú oòrùn ni. Mo ní mo tiẹ̀ tọ̀ síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Kí n tó mọ̀, wọ́n ti fà mí kalẹ̀. Ẹnu mi ló kó bá mi. Ẹnu mi ló máa ń kó bá mi.

Nítorí mi ò rántí. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Mo rò pé kéèyàn kàn gbé igi ni. Ẹni tó bá ṣe Símónì níbí, àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń di ìdí igi mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn àgbà. Bíbélì ní Símónì, bàbá Alẹkisáńdérù àti Rúfù. Ẹni tó ń kàwé á wá dúró níbẹ̀, kò ní pe Alẹkisáńdérù, kò ní pe Rúfù, orúkọ ọmọ ẹni tó gbé igi ló máa pè. Àwọn ọmọ á dáhùn, "Àwa nìyí!" Wọ́n á ya èrò jáde, wọ́n á gbé ìdí igi kúrò nílẹ̀. Bàbá níwájú, ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ tó bá wà láyé tí kò sí nílé, ẹlòmíì á bá a dáhùn, á bá a dì í mú. Ọmọ tó bá ti lọ… wọ́n á pe orúkọ ẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa dáhùn. Àyè ẹ̀ á ṣófo. A kì í fi ẹlòmíì dí àyè òkú. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ti lọ, igi á kàn máa wọ́ nílẹ̀ ni. Mi ò rí i rí. Wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ rí, láyé bàbá mi, pé obìnrin bí i mélòó kan ló dákú.

Bísọ́dún ló ń gbé e tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú wa wọ ilé ìwé, èmi sá kúrò ní ìwé kẹta, mo bá ọkọ̀ kòkó lọ. Òun jókòó síbẹ̀ títí ó fi di tíṣà. Kí ló wá rí níbẹ̀? Orúnkún tí ò ṣeé tẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi nígi, bí ẹni ń sá èlùbọ́.

"Adélaní, o fẹ́ gbégi, mo gbọ́. Ta ló máa bá ọ dìdí ẹ̀ mú? Àbí ràkúnmí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà… kí n dákẹ́ kẹ̀? Èmi? Mo ní, "Ọkùnrin méjì ni mo bí, Bísọ́dún! Méjì! Ítálì ni wọ́n wà!"

"Ítálì! Ẹ gbọ́ o! Ṣé wọ́n mọ̀ pé bàbá àwọn ti hewú?"

"Kò sí ohun tí wọn ò mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tọ́nà jìn, mo yá ọ lọ́mọ. Àwọn tèmi méjèèjì á bá ọ dì í mú. Ṣùgbọ́n dá wọn padà o! Kí ilẹ̀ Àjíǹde tó mọ́, mo fẹ́ rí wọn nílé mi!"

Ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Gbogbo wọn ti dákẹ́, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Mo yá ọ lọ́mọ. Kò sí ìkà nínú ẹ̀. Bísọ́dún ò níkà nínú, ẹnu ẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, bíi tèmi. Àwọn ọmọ ẹ̀ náà, àgbàlagbà ọkùnrin ni wọ́n, ọ̀kan ti ń pá lórí, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí mi. "Bàbá, ẹ má dààmú, a máa gbé e dáadáa." Nígbà tí a ń dán an wò, wọ́n gbé ìdí ẹ̀ débi pé mi ò mọ̀ pé mo gbé nǹkan kan. Mo ní kò wúwo ju igi ìgbálẹ̀ lọ. Mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo ń ju ìkejì, mo ń fi ijó sí i. Kátíkísì ní, "Bàbá, Símónì ò jó o."

Báwo lẹ ṣe mọ̀, mo ní. Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?

…Orin yẹn ti sún mọ́. Wọ́n á ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pákó.

Orúkọ. Orúkọ ni wọ́n ń bi mí láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ Bísọ́dún gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí wọ́n máa dáhùn sí. Kátíkísì ní, "Bàbá, orúkọ wọn?" Mo ní ó gùn, èdè àwọn Lárúbáwá wà nínú ẹ̀, má fi kọ́ ahọ́n lẹ́sẹ̀. Ó tún bi mí. Mo ní ó dìgbà tí ọjọ́ bá pé, lọ́jọ́ náà gan-an lo máa gbọ́ ọ. Ó rò pé mò ń ṣe àwàdà ni. Ó ní, "Ó dáa, mo máa dúró, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pè é sínú ẹ̀rọ." Ó tún rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn fẹ́ràn mi jù.

Ọlámilékan. Stephen. Ìyẹn ni. Kò gùn.

Stephen lorúkọ bàbá mi. Bàbá mi tó nà mí nítorí ìwé kẹta, òun náà ni mo sọ orúkọ ẹ̀ sọ́mọ, kí n lè máa bá a wí bó ṣe bá mi wí. Ọmọ yẹn ò ṣeé bá wí. Jẹ́jẹ́ ni. Lékan lẹ̀gbọ́n, òun ló lágídí. Òun ló gun òpó Kírénè yẹn, ó dúró lórí ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ìyá wọn ṣì wà nígbà náà, ará Sínídà ní ilẹ̀ Nìjẹ̀, Haúsá ló ń sọ sí wọn. Èmi fi Yorùbá kí wọn láàárọ̀, mo fi Yorùbá kí wọn lálẹ́, pé ó kéré tán, kí wọ́n mọ̀ bí a ṣe ń kí bàbá. Ìyẹn nìkan náà ni wọ́n mọ̀.

Ítálì ni wọ́n wà.

Ìlú ńlá ni Ítálì. Èèyàn lè débẹ̀ kó má ráyè. Èmi tí mo ti rìn, mo mọ̀. Èmi gan-an, ọdún mélòó ni mo lò ní Sébhà, ní aṣálẹ̀ Líbíà, tí ẹnikẹ́ni ní Oǹdó ò gbúròó mi? Wọ́n ní mo ti kú. Mo kú bí? Mo dé. Ọjọ́ tí mo wọlé, Monílọ́lá, ọmọ àbúrò mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí, fi igbe ta, ó sá wọ yàrá lọ, ó kọ́kọ́ yọjú wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó kanlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní ó kú ló ń jẹ iyán ẹ̀ ní Àkúrẹ́ dòní. Nítorí náà.

Nítorí náà, fóònù mi wà ní títàn. Mo fọwọ́ kan án lápò. Ó wà níbẹ̀. Iná kún inú ẹ̀. Mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kú; tí wọ́n bá mú iná lọ lágbègbè wa, mo máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀, mo máa jókòó tì í. Monílọ́lá ní, "Bàbá mi, fóònù yín yìí, mi ò gbọ́ kó dún rí." Mo ní ohun tó bá máa dún kì í sáré. Nítorí Stephen ló ní kí n má pa á. Òun ló pè kẹ́yìn. Etí òkun ni, Súwárà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èèyàn lọ Ítálì, mò ń gbọ́ omi. Ó ní, "Ẹ káalẹ́, Bàbá." Ìyẹn nìkan ni Yorùbá ibẹ̀. Ó wá bọ́ sí Haúsá: omi ti rọ̀, wọ́n ní àwọn máa lọ báyìí, Lékan ń kí yín, ó ń gbé ẹrù. Ẹ má pa fóònù. Tí a bá ti dé, a máa pè. Ẹ má pa fóònù o.

Mi ò pa á.

Síìmù tìgbà náà kọ́ ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Wọ́n jí tìgbà náà. Ní Àgádésì, nígbà tí mò ń bọ̀ nílé. Àwọn olè kún ibùdókọ̀ yẹn. Wọ́n jí i. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, Monílọ́lá ló rà á fún mi nítòsí Ọjà Ọba.

Kò ṣe nǹkan. Ọmọ tó bá ń wá bàbá ẹ̀ á wá a kàn.

Ara mi ò gbóná, kò tutù. Eṣinṣin kan bà mí lọ́wọ́, mò ń wò ó. Mi ò lé e. Ó ń rìn káàkiri níbẹ̀ bí ẹni pé ó rí ilẹ̀ rà.

Ní Bẹngásì, ní Líbíà lọ́hùn-ún, oríta kan wà báyìí náà. Ibẹ̀ ni àwa aláwọ̀ dúdú máa ń dúró sí láàárọ̀, ẹlòmíì mú ṣọ́bìrì dání, ẹlòmíì mú búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà. Ọkọ̀ á dúró. Ẹni inú ẹ̀ ò ní sọ̀rọ̀, ìka ló máa nà: ìwọ, ìwọ. Kò ní bi ọ́ lórúkọ. Kí ló fẹ́ fi orúkọ ṣe? Èjìká ló wá. Nígbà tí ogun wá dé, àwọn tó gbé ìbọn náà mọ oríta yẹn. Wọ́n na ìka sí mi. Àpò iyanrìn. Mo gbé e, mo gbé e, títí apá mi ò fi mọ̀ mọ́ pé apá lòun. Ọjọ́ tí mo wá gbọ́ tí Kátíkísì ń ka ti Símónì — ẹnì kan tó ń kọjá lọ, tó ń bọ̀ láti oko — mo ní hẹn-ẹ́n. Ọkùnrin yìí, mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọmọ onílẹ̀ tó tò sẹ́bàá títì lọ́jọ́ náà, ṣebí wọ́n léjìká? Pétérù dà, tó ní òun ò ní sá? Àlejò ni wọ́n mú. Ẹni tí ò lẹ́bí níbẹ̀ tó máa bínú.

Ará Kírénè. Èyí náà ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Kírénè, ta ló máa pè é bẹ́ẹ̀? Gbogbo wọn kọ́ ni ará Kírénè? Ìgbà tó kúrò níbẹ̀ ló di ọmọ ibẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́, nígbà tó padà délé, ará Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n ṣe ṣe mí nìyẹn. Lọ́hùn-ún, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa dúdú, ẹrú ló túmọ̀ sí. Mo dé Oǹdó, Bàbá Líbíà. Mo lanu, wọ́n ní ẹnu mi ti di ti Àkúrẹ́, pé ulé ni mò ń pe ilé. Mo padà sí Àkúrẹ́, àwọn tí wọ́n ń bá Monílọ́lá ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ní, "Bàbá Oǹdó, ẹ kú ilé." Kò síbi tí mo wà tí kì í ṣe ibòmíì ni wọ́n fi ń pè mí.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò pè mí rí ni Bàbá Lékan.

Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Bísọ́dún, ní gbogbo ọjà, Bàbá Ọláolúwa ni. Àwọn tó ni ilẹ̀ ní Bẹngásì náà máa ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀, bàbá lágbájá, bàbá tàmẹ̀dù. Ṣùgbọ́n àwa tí a dúró lóríta, ta ló mọ̀ pé a bímọ?

Mo bi Kátíkísì. Mo ní, nígbà tí Símónì gbé e débẹ̀ tán, ibo ló gbà lọ? Ó wo bàtà ẹ̀. "Bíbélì ò sọ, Bàbá." Mo ní àwọn ọmọ ẹ̀ ńkọ́, Alẹkisáńdérù, Rúfù, kí ni wọ́n ṣe? "Kò sọ bẹ́ẹ̀ náà. Orúkọ wọn nìkan ló wà níbẹ̀." Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi tàdáwà ṣòfò lórí wọn? Ó ní, "Ó jọ pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà á fún mọ àwọn ọmọ yẹn ni. Wọn ò mọ bàbá. Àwọn ọmọ ni wọ́n mọ̀. Tí wọ́n bá ti gbọ́ Rúfù, ẹnì kan lẹ́yìn á ní, háà, bàbá Rúfù wa ni wọ́n ń wí."

Háà, bàbá Rúfù wa.

Tí mo bá wá ní Ọlámilékan, ta ló máa ní háà? Ta ló mọ̀ ọ́n níbí? Ta ló mọ̀ pé ó máa ń fi eyín ṣí ìgò, pé Stephen ń sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀? Èmi nìkan ni mo mọ̀ wọ́n. Gbogbo ìjọ wọn, èmi nìkan ni.

Àwọn ọmọ Bísọ́dún á ní, "Àwa nìyí!" Èyí tó ń pá lórí ni Lékan. Ó máa dùn lójú. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Gbogbo Oǹdó á mọ̀ pé Bàbá Líbíà bímọ, Ítálì ni wọ́n wà, ẹlòmíì ló bá wọn dáhùn. Ó tán. Kò ni ẹnikẹ́ni lára. Kí ló wá dé tí mi ò lè…

Monílọ́lá náà ló fà á. Láàárọ̀ yìí, nínú ọkọ̀ ẹ̀, bí a ṣe ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. A dé afárá Ọ̀wẹnà. Ó wá ní, "Bàbá mi, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan, ẹ má bínú. Àwọn àbúrò mi yẹn, ṣé wọ́n wà?"

Mo ní, "Àwọn wo?"

"Tí wọn ò bá sí, ẹ sọ fún mi. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kàn pe orúkọ wọn, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn ọmọ Bàbá Ọláolúwa pé kí wọ́n fi ìdí igi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Èmi máa wà nítòsí yín."

Mo wo omi Ọ̀wẹnà. Ó dúró sójú kan, ó pupa bíi tíì. Mo ní, "Wo iwájú ẹ, kí o má gbé wa sómi."

Ó wo iwájú ẹ. Ọmọ dáadáa ni. Ó tún wá ní — jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ — "Nọ́ńbà tí mo rà fún yín yìí… ta ló fún wọn?"

Mo ní wọ́n jí ti tẹ́lẹ̀. Ní Àgádésì.

Wọ́n jí i.

Wọ́n ti yọ. Mo ń rí wọn. Aṣọ funfun, aṣọ pupa, àsíá àwọn ìyá ìjọ. Ọmọ tó ṣe Jésù ń ṣubú, ó ń dìde, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Igi yẹn gùn lójú mi ju ti ọjọ́ tí a dán an wò lọ. Bísọ́dún wà lórí ọ̀kadà lẹ́yìn, wọ́n gbé e bí ìyàwó. Àwọn ọmọ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ti ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Monílọ́lá wà níbẹ̀. Ó ń wò mí. Kò wo ibòmíì.

Wọ́n jí i. Ta ló jí i, Adélaní? Ibùdókọ̀ yẹn, mo rántí ẹ̀. Èrò ti wọ ọkọ̀ tán. Kò sẹ́ni kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Olè wo ló máa mú síìmù, kó fi fóònù sílẹ̀?

Ọwọ́ ti bà mí lọ́rùn. Bọ́láwálé ni. Ó ń pariwo, ó ti laágùn. Mo gbàgbé láti ṣe bí ẹni tó fẹ́ sá.

Èékánná mi ni. Èékánná mi ni mo fi yọ síìmù yẹn. Ó kéré, bí èékánná ọmọ ọwọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Àgádésì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀, mo fi ìka gbẹ́ iyanrìn, ó ń ya padà, mo tún gbẹ́ ẹ. Mo tẹ́ ẹ síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ wa iyanrìn bò ó — ẹsẹ̀ kọ́, ọwọ́ ni — mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ ilẹ̀ sàréè tí wọ́n bá bò ó tán. Awakọ̀ ń fun fèrè. Ó ní, "Bàbá arúgbó, kí lo ń bò?" Mo ní kò sí nǹkan. Mo gbọn ọwọ́. Mo wọ ọkọ̀.

Bàbá tí ọmọ ẹ̀ máa pè kì í bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀.

Mo ti mọ̀. Kí n tó kúrò ní Bẹngásì ni mo ti mọ̀. Kí ni mo tún ń bọ̀ wá ṣe nílé, tí kì í bá ṣe pé mo mọ̀? Mo gbé fóònù tó ṣófo láti ìlú dé ìlú, mo ń fún un níná bí ẹni ń fún ọmọ lóúnjẹ, kí n má bàa jókòó láìní ohun tí mò ń dúró dè.

Wọ́n ti gbé igi lé mi. Ẹ̀rọ wà lẹ́nu mi. Ojú Kátíkísì ń dán, ó ń retí pé màá fi àwàdà sí i. Àwọn ọmọ Bísọ́dún ti ń bọ̀. Èyí tó ń pá lórí ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti kan ìdí igi.

Mo mi orí fún un. Ó wò mí. Mo tún mi orí. Ó wo bàbá ẹ̀ lórí ọ̀kadà. Bísọ́dún gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, pé kó fi sílẹ̀. Ó fi sílẹ̀. Ó yọ fìlà.

Bàbá Ọlámilékan. Ohùn mi ni mò ń gbọ́ yẹn, ó gba oríta kọjá lọ, ó kan ògiri, ó padà. Bàbá Stephen.

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo gbẹ́sẹ̀. Ìdí igi ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ ọ lórí ọ̀dà títì. Fóònù wà lápò mi, ó wà ní títàn, ó ń lù mí nítan bí mo ṣe ń rìn. Léjìká mi, igi yìí… mi ò mọ̀ pé ó rí báyìí. Ó wúwo. Ó wúwo gan-an.